Ìwo Agbóhùnwọlé Tí Ọdẹ́gbàmí Gbà Nínú Igbó Ohùn

Ẹ̀yin tí òjò dá dúró sábẹ́ òrùlé mi, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà sún wọlé díẹ̀. Òjò yìí kò ní í tètè dá, ẹnu tèmi náà kò sì ní í tètè dá. Mo rí i pé ẹ ń wo eyín mi tí ó kán. Ẹ má rò pé ogbó ló kán an. Ẹfọ̀n ló fi ìwo gbá mi lẹ́nu, mo sì fi eyín tí ó ṣẹ́kù jẹ ẹ̀dọ̀ ẹfọ̀n náà. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìgboyà mi yìí, mo mọ ọkùnrin kan tí ó gbójú jù mí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìbọn yíyìn. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ rẹ̀, ìrìn-àjò rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún yín, kì í ṣe tèmi. Tèmi pọ̀ jù; bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sùn síbí.

Ọdẹ́gbàmí ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí òkúta nínú kànga. Kò sí ẹranko tí ó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ lára rẹ̀ tí àwa ọmọṣẹ́ rẹ̀ mọ̀, tí a kò sì jẹ́ dárúkọ. Owú ni. Ó ń jowú nítorí ìyàwó rẹ̀.

Ìbídùn ni orúkọ ìyàwó náà, obìnrin dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, wọ́n lè sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí oúnjẹ àárọ̀ yóò fi tutù síwájú wọn. Lẹ́yìn náà ni ibà líle kan dé. Ó dá Ìbídùn dùbúlẹ̀ títí gbogbo ilé fi sọ̀rètí nù, nígbà tí ó sì dìde, ibà náà ti mú etí rẹ̀ lọ. Kò mú un lọ tán. Ó ṣì máa ń gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n bí ẹni pé gbogbo ayé wà lẹ́yìn ògiri, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú ìrọ̀rí.

Ọdẹ́gbàmí á wà nínú yàrá, á pe Ìbídùn, kò ní dáhùn. Á tún pè é títí àwọn ewúrẹ́ á fi sá kúrò lágbàlá, Ìbídùn kò ní gbójú sókè. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, Àjàgbé ni wọ́n ń pè é, odó àti àpótí ìjókòó ni ó ń gbẹ́. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, Àjàgbé á gbé àpótí wá sí àgbàlá, á jókòó síwájú Ìbídùn, á sì máa sọ àwàdà. Ìbídùn á rẹ́rìn-ín, á di ikùn mú, á tún rẹ́rìn-ín. Ẹ sì wò ó, ohùn Àjàgbé tín-ín-rín bí ohùn ẹyẹ ẹ̀gà tí òtútù mú. Báwo ni etí tí kò gbọ́ ohùn tí ó ń lé ẹkùn ṣe ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀? Ọdẹ́gbàmí bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí lójú oko, ó bi ara rẹ̀ lórí ẹ̀gùn, pèpéle orí igi tí ó ti máa ń dúró de ẹran. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni owú máa ń fún un: ẹni tí ó wù ú ni ó ń gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé láti oko. Ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn àká, ó ń wo ẹnu Àjàgbé, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ọdẹ tí ó lè dúró de ìgalà láìmira kò lè dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó gbé ẹtu wálé, ó sì kí ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìbídùn kò yíjú. Àjàgbé la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́gbàmí ju ẹtu náà sínú erùpẹ̀, kò sì jẹ nínú ẹran náà.

Àwọn àgbà ọdẹ ni wọ́n sọ fún un nípa Igbó Ohùn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn tí ó mọ ìdí ohùn àti ìdí etí ń gbé, pé wọ́n ní ohun èlò kan tí èèyàn lè gbé kọ́ sínú ilé kí adití fi máa gbọ́ràn. Wọ́n tún ní ọdẹ tí ó bá lọ kì í sábà bọ̀. Ọdẹ́gbàmí ní òun yóò lọ. Bí ó ti ń di àpò rẹ̀, tí ó kọjú sí ògiri, ó sọ fún Ìbídùn pé òun ń lọ wá ohun tí yóò tún etí rẹ̀ ṣe. Ìbídùn ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti jìnnà tó. Ẹni tí ó bá lè dá mi lóhùn bí òjò ṣe ń rìn láti òkè dé ilẹ̀ ni mo lè sọ ọ̀nà Igbó Ohùn fún. Ó lọ, ó sì dé ibẹ̀.

Igbó náà kò ní ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ ni ó so sórí igi rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, wọ́n á dorí kodò bí àdán lórí ẹ̀ka, wọ́n á máa tún ara wọn sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọdẹ́gbàmí gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, ó gbọ́ ìkìlọ̀ tí kò dé etí ẹni tí wọ́n ń kì nílọ̀. Lábẹ́ igi kan ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, "Ìbídùn, Ìbídùn," bí èso tí ó pọ̀n tí kò sẹ́ni tí ó ká a. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn mìíràn wà lórí igi kan náà, ohùn obìnrin, ó ń wí pé, "Kí lẹ wí? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?" Ó pọ̀ lórí ẹ̀ka ju tirẹ̀ lọ. Ó mọ ohùn náà. Kò dúró gbọ́ ọ tán, nítorí owú ń tì í lẹ́yìn kí ó máa kánjú.

Níwájú ni iwin tí ó ń ṣọ́ igbó náà ti dìde sí i. Etí iwin yìí fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n sì ń wọ́ nílẹ̀. Ọdẹ́gbàmí gbé ìbọn, ó yìn ín. Iwin náà ti gbọ́ ọta kí ó tó kúrò nínú ìbọn. Ó kàn tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ọta kọjá lọ. Ó tún yìn ín, iwin tún tẹ orí sódì kejì. Ni wọ́n bá wọ ìjàkadì. Wọ́n ja ìjà náà tí koríko ibẹ̀ fi di ilẹ̀ gbígbá. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti gbé iwin náà ṣánlẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ọ̀gá mi: iwin ló gbé e ṣánlẹ̀. Ó fi eékún lé e láyà, ó sì ní òun yóò bi í ní àlọ́ kan. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó kọjá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ohùn rẹ̀ wá so mọ́ igi.

"Ẹran wo ni ọdẹ ń sìn nínú yàrá ara rẹ̀, tí ó ń fún ní oúnjẹ lójoojúmọ́, tí ó sì jẹ́ pé ọdẹ náà gan-an ni ẹran ń jẹ?"

Ọdẹ́gbàmí yíjú sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n kí iwin tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnu ni kò fẹ́ sọ ọ́.

"Owú ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

Iwin náà gbé eékún kúrò láyà rẹ̀. Ó wò ó pẹ̀lú àánú, ó ní ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ìdáhùn yìí kọjá ọgbọ́n wọn, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́ tí ó sì ju owú náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdẹ́gbàmí gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó kọjá.

Ó dé ìlú àwọn tí ń mú ohùn. Olórí wọn ni obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Yèyé Afetísílẹ̀. Ìwo kún ara ògiri ilé rẹ̀, ńlá àti kékeré, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń ti ara wọn bọ̀ wá sí ibi tí ó jókòó sí. Kí Ọdẹ́gbàmí tó kí i ni ó ti kí i padà. Ó ní láti ìgbà tí ó ti wọ ìlú ni òun ti ń gbọ́ bí ó ṣe ń payín keke. Ọdẹ́gbàmí sọ ohun tí ó bá wá. Yèyé ní òun kì í fún ẹnikẹ́ni ní ohun èlò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹni tí yóò sì ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń jẹ́ gbígbọ́.

Ó tì í mọ́ yàrá kan, ó sì tú gbogbo ariwo ayé sílẹ̀ sínú rẹ̀: ìró ọmọ owú alágbẹ̀dẹ, àrá, ọjà tí ó kún, odò tí ó ya bèbè. Láàárín wọn ni ó ní kí Ọdẹ́gbàmí wá ìró ẹsẹ̀ èèrà kan rí. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní etí ọkùnrin náà. Ó ké, kò gbọ́ igbe ara rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó rò ó pé ó lè jẹ́ báyìí ni ó rí fún Ìbídùn, tí gbogbo nǹkan dà pọ̀ tí kò sí èyí tí ó ṣeé dì mú. Ó dijú, ó pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ bí ìgbà tí ó bá wà lórí ẹ̀gùn, títí ó fi gbọ́ èèrà náà níbi tí ó ti ń gun ògiri. Yèyé ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà náà ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ìwo ẹtu ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ha á títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n fi awọ ìyẹ́ àdán bo ọ̀fun ìwo náà pinpin. Wọ́n wá fa okùn aláǹtakùn láti ibẹ̀ lọ sí ìkarahun ìgbín kékeré kan, èyí tí wọ́n fi ìda oyin mọ kí ó lè wọ etí. Wọ́n á kọ́ ìwo sára ògiri ilé, ẹni tí etí rẹ̀ di á fi ìkarahun sétí, ohùn á sì gba orí okùn wá bá a níbikíbi tí ó bá jókòó sí nínú ilé. Agbóhùnwọlé ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, Yèyé bi í pé, "Ohùn ta ni kí ó máa gbé?"

"Tèmi nìkan," ni Ọdẹ́gbàmí dáhùn.

Obìnrin náà gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣe irú rẹ̀ rí, onítọ̀hún kò sì padà wá dúpẹ́. Ó ní kí ó rò ó dáadáa. Ọdẹ́gbàmí ní òun ti rò ó. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń rí Àjàgbé lórí àpótí rẹ̀, tí ó ń la ẹnu, tí ó ń pa á dé, tí kò sí ohun tí ó ń jáde. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó rẹ́rìn-ín. Yèyé na ìda sí i láìsọ nǹkan kan mọ́. Ọdẹ́gbàmí mí èémí ara rẹ̀ sínú ìwo, ó sì fi ìda dí i kí ohùn mìíràn má baà wọ inú rẹ̀.

Bí ó ti délé, ó gbé ìwo kọ́ sára ògiri, ó fi ìkarahun sí etí Ìbídùn, ó sì pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìbídùn wò yíká. Ó ní kí ó tún un pè. Nígbà tí ó tún un pè, Ìbídùn jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tún padà sínú ilé náà. Inú Ọdẹ́gbàmí dùn. Inú rẹ̀ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí Àjàgbé wá sọ àwàdà, tí Ìbídùn ń wo ibi tí ohùn ọkọ rẹ̀ ti ń wá, tí kò wo ojú àlejò. Àjàgbé sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Ọdẹ́gbàmí sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì kí i pé ó dàbọ̀ bí ẹni tí ó jẹ oyè.

Ó ṣe, Àsàbí, ọmọ wọn kan ṣoṣo tí ó ti wà nílé ọkọ, wá sílé láti bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́gbàmí wà lóko, Ìbídùn ń yan gààrí lágbàlá pẹ̀lú ìkarahun létí. Àsàbí bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí nínú yàrá. Ó pe ìyá rẹ̀. Ó pè é, ó pè é, ìyá rẹ̀ ń yan gààrí. Àjàgbé gbọ́ igbe náà láti ibi tí ó ti ń gbẹ́ odó. Ó sáré wá, ó ń pariwo, Ìbídùn kò gbọ́. Ó ń nawọ́ sí yàrá, èéfín kò jẹ́ kí Ìbídùn rí ohun tí ó ń fi hàn. Ló bá di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó ń fà á.

Bí Ọdẹ́gbàmí ṣe bá wọn nìyẹn. Ó ń ti oko bọ̀, ìbọn wà léjìká rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí ni Àjàgbé tí ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, tí Ìbídùn ń já ọwọ́ náà gbà. Gbogbo ohun tí ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá ló dúró síwájú rẹ̀. Ó na ìbọn sí àyà Àjàgbé.

Àjàgbé kò sá. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ yìn ín bí ẹ bá fẹ́ yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìyá yìí wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀."

Ìgbà náà ni Ọdẹ́gbàmí tó gbọ́ Àsàbí. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pariwo fún Ìbídùn pé Àsàbí ń rọbí, ohùn rẹ̀ gba orí okùn, Ìbídùn sáré wọlé. Àmọ́ kò sí ohùn mìíràn tí ó lè wọ etí obìnrin náà. Ọdẹ́gbàmí ní láti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó máa tún ohun tí ọmọ rẹ̀ bá sọ sọ fún ìyá rẹ̀. Àsàbí ní omi ni òun ń fẹ́. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní ẹ má fi òun sílẹ̀. Ọdẹ tí ó bá iwin jà dúró síbẹ̀, ó ń laagun, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi pẹ̀lú ohùn tí ó ń yí òkúta nínú kànga, títí ọmọ fi dé.

Ọmọkùnrin ni. Ó ké tí gbogbo ògiri gbọ́ ọ. Ìbídùn gbé e dání, ó ń wo ẹnu rẹ̀ tí ó là sílẹ̀.

"Ọmọ ti ń ké," ni Ọdẹ́gbàmí wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Mo rí i," ni Ìbídùn dáhùn. Ó fọwọ́ kan ẹnu ọmọ náà. "Báwo ni igbe rẹ̀ ṣe rí?"

Ọdẹ́gbàmí fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ igbe náà.

Nígbà tí Àsàbí àti ọmọ rẹ̀ sùn, Ìbídùn jáde wá bá a. Ó yọ ìkarahun náà kúrò létí, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì dúró síwájú rẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn náà dára, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kò lè máa gbé nínú ilé tí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ti ń dún. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí Ọdẹ́gbàmí kò gbàgbé títí ó fi kú.

"Ẹ rò pé mo ń gbọ́ Àjàgbé. Mi ò gbọ́ ọ rí, Bàbá Àsàbí. Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò. Ó máa ń jókòó síwájú mi, ó máa ń jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀, èyí tí mi ò bá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin, ẹ̀yìn yín ni ẹ máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀."

Ọdẹ́gbàmí gbìyànjú láti yọ ìda náà, ìwo sì là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ awọ, ó mọ iṣẹ́ okùn, ṣùgbọ́n ìwo ẹtu kéré jù fún gbogbo ohùn; igi ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwo, kò sì sí ẹlòmíràn ní àdúgbò tí ó lè gbẹ́ ẹ. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Àjàgbé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ju ìgbà tí ó ń wọ Igbó Ohùn lọ. Àjàgbé ń gbẹ́ odó, kò gbójú sókè. Ó jẹ́ kí ó dúró. Lẹ́yìn tí ó ti dúró pẹ́, Àjàgbé ní òun kò ní purọ́, òun náà ti ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní Ọdẹ́gbàmí ní ẹni tí ó ń pè tí kò dáhùn. Òun, láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, òun kò ní ẹni tí òun lè pè rárá. Ọdẹ́gbàmí jókòó lórí èèpo igi, ó di ọwọ́ Àjàgbé mú, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun gbẹ́ ìwo, Àjàgbé sì wá igi ọmọ̀ kan jáde.

Ìbídùn ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin á gbé e kọ́, òun á fi sétí, òun á sì sọ bí ó ti rí. Ìwo àkọ́kọ́ gba ohun gbogbo wọlé pọ̀; ọmọ odó ń dún bí àrá, Ìbídùn fà á yọ, ó jù ú nù. Àjàgbé ní kí wọ́n fi òwú sí ọ̀fun rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí rò pé owú ni ó wí, ojú rẹ̀ pọ́n, títí Àjàgbé fi mú òwú funfun jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi sí i, ó pọ̀ jù, ayé tún padà sínú ìrọ̀rí. Wọ́n dín in kù. Wọ́n gbé ìwo kan kúrò nítòsí ilé ìdáná, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ọmọ, wọ́n kọ́ òmíràn kí ó kọjú sí àgbàlá. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n ṣe ìdérí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òun lè pa èyí tí kò bá wu òun dé. Wọ́n ṣe é, ó ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó ní ó kù díẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń kùn, wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n sì ń padà sídìí iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìbídùn ń ṣa ẹ̀fọ́ lágbàlá, ọmọ wà nínú yàrá. Ọmọ náà sín. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ni Ìbídùn wí, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ó sọ ọ́ tán ni ó mọ ohun tí ó ṣe. Ọbẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé lọ, ó fa ọmọ náà ní etí pẹ́ẹ́ kí ó lè ké, ó sì jókòó tì í, ó ń gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni àgbàlá wọn kò ti ṣófo mọ́. Gbogbo àdúgbò ń wá bá Ìbídùn sọ̀rọ̀, Àjàgbé náà sì ń wá. Ẹ má rò pé owú Ọdẹ́gbàmí kú o. Ní ọ̀sán kan ó wà nínú yàrá, Àjàgbé sọ àwàdà níta, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́gbàmí rọra pòṣé, òṣé tí eṣinṣin tí ó bà lé e léjìká kò lè gbọ́.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá Àsàbí," ni Ìbídùn wí láti àgbàlá, láìyíjú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó jáde, ojú ń tì í. Ó wá àyè láàárín wọn, ó jókòó, ó sì bẹ Àjàgbé pé kí ó tún àwàdà náà sọ, nítorí òun kò gbọ́ ọ dáadáa.

Ibi tí ọ̀gá mi bá ọ̀rọ̀ yìí dé nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún mi nìyẹn, ibẹ̀ ni èmi náà bá a dé. Ẹni tí ó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kí ó lọ sí Igbó Ohùn, kí ó lọ bi iwin elétí bí ewé kókò.